Ìbò ò yanjú, ẹni kẹta wá di ọba: kí ló yẹ kó gbà lọ́wọ́ wọn?

Ìbéèrè láti Iléṣà:

Ẹ kú ilé o, bọ̀ọ̀dá. Láti 2024 tí àwọn ọgọ́ta ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá ti gbé àbá wá pé ká padà sí ìjọba pálámẹ́ńtì la ti ń fà á nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi ní ó dáa. Ọ̀gá mi ní kò dáa, wọ́n ní tí ẹgbẹ́ kankan ò bá rí ju ìdajì àga lọ, ṣe ni wọ́n á máa ná ara wọn bí ẹni ń ná àgbò ọdún, ẹni tó ṣe ipò kẹta á wá máa ṣe ọ̀gá lé gbogbo wa lórí. Mo ní ṣebí ó ṣẹlẹ̀ nílùú Ọba ní 2010, ọjọ́ márùn-ún péré, ó parí, kò dà bíi t'Ọ̀ṣun tí wọ́n ní ìnkọ́nkúlúsìfù tí a ò sì rí oorun sùn. Ta ló jàre? Tí ẹgbẹ́ kékeré bá sì bọ́ sírú àyè yẹn, ṣé ipò ni kó gbà ni àbí kó ní kí wọ́n yí bá a ṣe ń dìbò padà? Ẹ dá mi lóhùn dáadáa o, a ti fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí i.

* * *

Ẹgbẹ̀rún méjì yẹn, ẹ fi ra mọ́ínmọ́ín kẹ́ ẹ jọ jẹ ẹ́, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹ̀yin méjèèjì náà lẹ sì jẹ̀bi.

Kọ́kọ́ yọ t'Ọ̀ṣun kúrò níbẹ̀ ná. Ìnkọ́nkúlúsìfù tiwa àti ti pálámẹ́ńtì kì í ṣe ohun kan náà rárá, àwọn èèyàn kàn ń pò ó pọ̀ ni. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 2018 tá a dìbò gómìnà, PDP ní 254,698, APC ní 254,345. Ìyàtọ̀ 353. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fagi lé ìbò ibùdó méje, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láwọn ibùdó yẹn sì jẹ́ 3,498, ni INEC bá ní 353 ò tó nǹkan lára ìyẹn, ẹ lọ tún un dì. Ìyẹn ni pé wọn ò tíì kà á tán. Tìlú Ọba, wọ́n kà á tán, àmọ́ nínú àga 650, ẹgbẹ́ Conservative ní 306, Labour ní 258, Lib Dem ní 57, àwọn kékeré yòókù pín ìyókù. Ẹni tó bá máa dá ṣèjọba gbọ́dọ̀ ní 326. Kò sẹ́ni tó ní in. Kò sí ìbò tí wọ́n fẹ́ lọ tún dì, ọ̀rọ̀ ló kù.

Àti pé níbi tí ọ̀rọ̀ ti kù yẹn, ìjọba ò dá kúrò nílẹ̀ o. Gordon Brown ti Labour tí ìbò ò gbè ṣì ni olórí ìjọba fún ọjọ́ márùn-ún yẹn, òun ló ń buwọ́ lùwé títí ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún tó fi kó ẹrù ẹ̀ jáde tí David Cameron, olórí Conservative, wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí rò pé ààfo máa ń wà. Kò sí ààfo.

* * *

Èèyàn mẹ́rin ti kọ ọ́ sábẹ́ ìdáhùn mi báyìí pé "ẹni kẹta ló máa ń jọba." Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹ jẹ́ n sọ ti àdúgbò wa n'Ífẹ̀ níbí, torí èmi ni akọ̀wé, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa fẹ́ yan alága. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ṣe é, àwọn àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwa 43 la wá. Ìwé òfin wa ní ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì lọ, ìyẹn 22. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó: ẹni àkọ́kọ́ 18, ẹni kejì 14, Bàbá Onítírélà 11. (Wọ́n ti wa tírélà rí, orúkọ yẹn ò bọ́ lára wọn mọ́.) Gbogbo ilé dákẹ́. Alàgbà tó ń darí ìpàdé ní ká lọ sùn lé e, ká padà wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé Bàbá Onítírélà di ààfin. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá máa kọ ohun tí oníkálukú bá sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́. Ẹni 18 gbé páálí mọ́tì kan wá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá iṣu mẹ́ta tí ẹni 14 ti gbé wá nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo iṣu, ó wo èmi, ó rọra fìdí lélẹ̀. Ohun mẹ́ta ni Bàbá béèrè. Kí wáyà tìràńsífọ́mà tuntun kọ́kọ́ dé òpópónà tiwọn. Kí àwọn di akápò. Ìkẹta, ká yéé nawọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, kí oníkálukú máa kọ ọ́ sínú bébà, ẹni tó fẹ́ fi ṣe ìkíní, ìkejì àti ìkẹta. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn Bàbá gẹ́gẹ́ bí ẹni kejì, kò kàn sí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n ṣẹni kìíní ni.

Ẹ wò ó, ohun tó jẹ́ kí Bàbá lẹ́nu ni pé 11 mọ́ 18 ju 22 lọ, 11 mọ́ 14 náà ju 22 lọ. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wá lọ ṣe ìṣirò yẹn fún Nick Clegg tó jẹ́ olórí Lib Dem: 57 mọ́ 306 jẹ́ 363, ó gba ìjọba tó sì ṣẹ́ kù. 57 mọ́ 258 jẹ́ 315, kò tó 326. Tó bá fẹ́ bá Labour lọ, ó di dandan kó tún máa kó àwọn kéékèèké Scotland àti Wales mọ́ra, kó máa bẹ èèyàn kiri ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dìbò lórí òfin. Ọ̀nà kan àbọ̀ ló ní. Ẹni tó ní ọ̀nà kan àbọ̀ kì í ṣọba, oníbàárà tó ń pọ́n ẹnu sọ́jà ni.

* * *

Ẹnìkan tó ní òun ti gbé Coventry rí ní mo ń fojú kéré Clegg, pé ó ṣáà rí nǹkan gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rí nǹkan gbà. Igbákejì olórí ìjọba ni, wọ́n fún ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ipò mínísítà márùn-ún nínú kábínẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹ́ yẹn ti ń sunkún lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe mínísítà, ọ̀nà ìdìbò ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìbò 2010 yẹn: Lib Dem kó ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò, àga tó kàn wọ́n ò tó ìdá 9. Tẹ́ ẹ bá pín ìbò sórí àga, àga kan Labour ná bí ìbò ẹgbẹ̀rún 33, àga kan Lib Dem ná bí ẹgbẹ̀rún 120. Ẹni tí wọ́n bá ń ta gààrí fún ní irú iye bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní pariwo?

Bó ṣe wá gba ti ìdìbò yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà. Ọjọ́ kẹrin ìjíròrò, ìyẹn 10 oṣù karùn-ún, Brown jáde, ó ní òun á fi ipò olórí Labour sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ méjèèjì lè jọ ṣe. Ọ̀nà tó jẹ́ àbọ̀ yẹn bá dà bí ọ̀nà odindi lójú àwọn Conservative. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n fowó lé ọjà: wọ́n ní ó dáa, àwọn á jẹ́ kí aráàlú dìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ lórí ọ̀nà ìdìbò tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní AV. Ṣé ẹ rí i pé Brown ló jẹ́ kí Clegg rí ọjà ẹ̀ tà lówó gọbọi, bẹ́ẹ̀ Clegg ò bá Brown lọ.

AV yẹn, ti Bàbá Onítírélà ni pátápátá. Ẹ̀ ń kọ 1, 2, 3. Tí kò bá sẹ́ni tó ju ìdajì lọ, wọ́n á yọ ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á wo ta làwọn tó dìbò fún un kọ 2 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á pín in, títí ẹnì kan á fi kọjá ìdajì. Kì í ṣe pé kí ìpín àga bá ìpín ìbò mu o, àwọn èèyàn ń ṣì í. Ẹnì kan náà ni àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣì ń yàn.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò ṣèlérí òfin fún un, ìbò ni wọ́n ṣèlérí. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 2011, Cameron tí wọ́n jọ ń jókòó ìpàdé ló dúró síwájú àwọn tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdá 67.9 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tán.

N'Ífẹ̀ níbí? Ẹni 18 gbà fún Bàbá lórí wáyà, ó gbà lórí akápò, nígbà tó dórí ìbò bébà, ó ní "Bàbá, ìyẹn tobi ju èmi nìkan lọ, ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú ìpàdé gbogbogbò." Mo rántí pé mo gbé bírò dúró, mo wo Bàbá. Wọ́n ní "kọ ọ́ sílẹ̀." Mo kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìpàdé yẹn, alága fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde tó bi wá pé ta ló máa máa ra bébà. 29 kọ̀ ọ́, 9 gbà á. Nínú 11 tó dìbò fún Bàbá tẹ́lẹ̀, méjì ò tiẹ̀ wá.

Torí náà ìdáhùn mi sí ìdajì ìbéèrè ẹ rèé: tó bá jẹ́ ọ̀nà ìdìbò lo fẹ́, má gba ìlérí pé "a máa bi aráàlú." Ní kí wọ́n gbé òfin wá sílé kó o tó wọ ọkọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, gba wáyà, kó o má sì sọ fún àwọn èèyàn ẹ pé o gba nǹkan míì.

* * *

Àwọn àgbà ti wọlé. Bàbá kan ní ẹ̀yin ọmọdé ń lọ jìnnà sí London, àwa náà ti ṣe é rí nílẹ̀ yìí, 1959. Òótọ́ ni, mo dọ̀bálẹ̀ sàà. Èmi ni mi ò kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Ìbò àpapọ̀ oṣù kejìlá 1959, kí òmìnira tó dé. Àga 312. NPC ti Àríwá kó 134, NCNC pẹ̀lú NEPU tó jẹ́ alájọṣe ẹ̀ kó 89, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ kó 73, àwọn míì 16. Wọ́n nílò 157. Ẹ wá wo ìbò lásán: NCNC ló ní ìbò tó pọ̀ jù, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀, Ọlọ́pẹ sì ní ìbò ju NPC lọ díẹ̀. Ẹni tó ṣe kẹta nínú ìbò ló ṣe kìíní nínú àga. Àwọn obìnrin Àríwá ò tiẹ̀ láṣẹ àtidìbò nígbà yẹn, àga wọn sì pé pérépéré torí iye orí ni wọ́n fi pín in.

89 mọ́ 73 jẹ́ 162. Ó tó. Ọlọ́pẹ àti Alákùkọ (ìyẹn NCNC) lè jọ ṣe é, wọ́n sì bára wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́. NCNC bá NPC lọ. Tafawa Balewa di olórí ìjọba, Azikiwe di ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ àgbà, ó sì di Gómìnà Àgbà ní oṣù kọkànlá 1960, Awólọ́wọ̀ di olórí alátakò. Bàbá mi àgbà n'Íléṣà, Alákùkọ paraku ni wọ́n, títí wọ́n fi kú wọn ò gbà pé àṣìṣe ni. Wọ́n ní "ẹni tó bá ní 134, òun lo máa bá jẹun, ẹni tó ní 73 á kàn bá ẹ pín ebi ni." Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni ìlú wá jẹ níbẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ pọnmi wá.

Èmi ò bá wọn jà, wọ́n ti sùn. Àmọ́ mo rò pé wọ́n ṣi ìṣirò: NCNC ló ní ọ̀nà méjì tó dọ́gba nígbà yẹn, òun ló yẹ kó dá owó lé ọjà, ó sì lọ gba ipò tí kò ní agbára nínú. Wọ́n tún ṣe é ní 1979 tí NPN, ẹgbẹ́ Shagari, ní 168 nínú 449 nílé aṣojú-ṣòfin, tí NPP, ẹgbẹ́ Azikiwe, tó ní 78 bá a ṣe àdéhùn, NPP gba ipò olórí ilé. Ó tú ká ní 1981. Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀nà ìdìbò sórí tábìlì nínú méjèèjì. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

* * *

Mo mọ̀ pé ẹ máa dé ìbò Ọ̀ṣun 2018 tó bá yá. Ẹni tí SDP fà kalẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ wa níbí, ló ṣe kẹta pẹ̀lú ìbò 128,049, nínú ibùdó méje tó kù ni ibi tó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wà. Ọjọ́ márùn-ún péré ló wà láàárín. Àwọn ńláńlá ẹgbẹ́ méjèèjì wá bá a n'Ífẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, ohun tí mo rí ò ju eruku àti sáírẹ́ẹ̀nì lọ, ìyá tó ń ta ọsàn ní ẹ̀gbẹ́ mi gbé igbá ẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Ó ní "ṣé ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìbò gan-an, kò sẹ́ni tó wá kí wa tó báyìí." SDP bá APC lọ, wọ́n tún un dì lọ́jọ́ 27, APC wọlé pẹ̀lú 255,505 sí 255,023.

Àwọn kan ní owó ni, àwọn kan ní dìbò-kóo-sebẹ̀ ni. Mi ò sí nínú yàrá, ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀. Ẹ̀sùn tèmi kò le tó bẹ́ẹ̀: àdéhùn yẹn, níbo la ti lè kà á? Nílùú Ọba, wọ́n tẹ ìwé àdéhùn wọn jáde lọ́jọ́ kejì tí Cameron wọlé, Lib Dem sì kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ sí Birmingham lọ́jọ́ 16 pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí i. Ká tiẹ̀ ní irọ́ ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀ ń rí ibi tẹ́ ẹ máa nàka sí. Ìwé tí mo kọ fún Bàbá Onítírélà, mo ṣe fọ́tókópì ẹ̀ mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi dé.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásitì níbí ti kọ nǹkan gígùn, mo kà á tán, ó dáa. Kókó ẹ̀ ni pé kí wọ́n fi iye ìbò pín àga, pé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais ti dá a lábàá fún Nàìjíríà ní 2008. Òtítọ́ ni, wọ́n ní kí ìpín-bí-ìbò wọ inú ẹ̀. Àmọ́, ta ló máa sọ ọ́ di òfin? Àwọn tó wọlé nípa ọ̀nà àtijọ́. O fẹ́ kí ẹni tó bá àkàbà gun òkè yọ àkàbà?

Ó ní New Zealand ṣe é. Wọ́n ṣe é, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi ìdúnàádúrà ló ti wá. Ní 1978 àti 1981, Labour wọn ní ìbò jù, National gba àga jù, inú bí aráàlú, ọ̀rọ̀ yẹn jà nílẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó dìbò fún un ní 1993. Ìlú ló fẹ́ ẹ, àwọn olóṣèlú ò fẹ́ ẹ. Ìbò àkọ́kọ́ lábẹ́ ọ̀nà tuntun, 1996, kò sẹ́ni tó borí, Winston Peters tó ní àga 17 ná National àti Labour fún nǹkan bí oṣù méjì kó tó mú National, ó di igbákejì olórí ìjọba, ó tún gba àpò ìṣúra. Àkọsílẹ̀ fún ọ̀gá ẹ n'Íléṣà: wọ́n jàre níbẹ̀ yẹn, ẹni kẹta jọba dáadáa. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń wá a.

* * *

Ọ̀gá ẹ ti wá kọ fúnra wọn! Ẹ káàbọ̀ sà. Wọ́n ní èmi ò mẹ́nu ba Belgium. Ó dáa, Belgium, 2010 sí 2011, ọjọ́ 541 láìní ìjọba tuntun, ìjọba tó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ló ń bá a lọ. Owó oṣù ń wọlé, ọkọ̀ ojú irin ń rìn. Ṣé ó máa rí bẹ́ẹ̀ níbí? Sà, mi ò lè búra. Níbi tí owó oṣù ò ti dé lásìkò nígbà tí gómìnà wà nílé, mi ò mọ ohun tí ọjọ́ 541 máa jẹ́.

Wọ́n tún bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Lib Dem lẹ́yìn ẹ̀. Kí wọ́n tó dìbò 2010, àwọn olùdíje wọn fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní jẹ́ kí owó ilé ìwé yunifásitì gbówó lórí. Oṣù kejìlá ọdún yẹn, ìjọba tí wọ́n wà nínú ẹ̀ gbé e dé £9,000. Ní 2015, láti àga 57, ó ku 8. DUP ti Northern Ireland rí ìyẹn, ní 2017 tí ọ̀rọ̀ tún rí bẹ́ẹ̀, àga 10 ni wọ́n ní, wọn ò gba mínísítà kankan, wọ́n ní kí Theresa May tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn san bílíọ̀nù kan pọ́n-ún sílé àwọn, wọ́n jókòó sẹ́yìn wọ́n ń dìbò fún un. Bàbá Onítírélà ì bá fẹ́ràn wọn.

Ẹnìkan ní kí ló dé Bàbá gan-an. Iná ní òpópónà wọn, ó ń tàn ju tèmi lọ. Nígbà tí wọ́n tún díje ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìbò 3 ni wọ́n ní. Àwọn tó ń bẹ ní òpópónà kejì ní wọ́n ta àwọn fún wáyà. Wọ́n ṣì ń ṣe akápò o, ìwé wọn mọ́ gan-an. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la tún fẹ́ yan alága, èèyàn mẹ́ta tún ti gba fọ́ọ̀mù, Bàbá sì ti pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n gbé bírò dání.